Ẹ Bi Bàbá Mẹkáníìkì: Wop May, oògùn inú kúbùsù, àti ọ́ìlì tó di ọ̀dà

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Lóṣù tó kọjá, ẹnìkan kọ̀wé láti Jos pé jẹnẹrétọ̀ òun kì í tètè jí nígbà ọ̀gìnnìtìn, mo sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó dúpẹ́ pé kì í ṣe òun ni mẹkáníìkì Wop May, awakọ̀ bàlúù ayé àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Kánádà. Gbólóhùn kan péré! Lẹ́tà ti wá kún orí tábìlì mi báyìí. Gbogbo yín lẹ fẹ́ mọ Wop May, kò tún sẹ́ni tó rántí jẹnẹrétọ̀ mọ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń darapọ̀ mọ́ wa: ẹ́ńjìnì bàlúù ni mo fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tún ṣe. Mọ́kànlá nínú ọdún náà, Yellowknife ni mo ti lò ó, lókè àríwá Kánádà, kí n tó kó ẹrù mi padà sí Ìbàdàn. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ sípánà pọ̀ nínú ìdáhùn mi, ẹ fara dà á.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Edmonton ni a wà. Tísà àwọn ìbejì mi ní kí wọ́n kọ nǹkan nípa Wop May, wọ́n wá bi mí. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń rí orúkọ yẹn káàkiri, mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ẹ bá mi sọ ọ́ bí ìtàn. (Ìyá Ìbejì, Edmonton)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú òtútù o. Èjìrẹ́ á dàgbà.

Ìlú tí ẹ wà yẹn náà ló ti dàgbà. Carberry, ní ìpínlẹ̀ Manitoba, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1896, àmọ́ Edmonton ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Wilfrid Reid May lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọmọdébìnrin kan nínú ẹbí ni kò lè pe Wilfrid, Woppie ló ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni Wop ṣe lẹ̀ mọ́ ọn lára títí tó fi kú. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn ọmọ o: èébú ni ọ̀rọ̀ yẹn létí àwọn ará Ítálì. Ọkùnrin yìí nìkan ni kí wọ́n fi pè.

Ó fi bàlúù jagun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Màá dé orí ìyẹn. Nígbà tó padà wálé lọ́dún 1919, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Court, háyà bàlúù Curtiss JN-4 kan lọ́wọ́ ìjọba ìlú Edmonton, wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ni wọ́n ń fi ṣe? Ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ̀ máa ń ṣe náà ni: wọ́n ń gbé èèyàn yíká ojú sánmà níbi àríyá, wọ́n ń gbé ìwé ìròyìn lọ sí Wetaskiwin. Owó tó ń wọlé kò tó ra epo, ilé iṣẹ́ náà sì kógbá sílé nígbà tó yá.

Ibi tí ìtàn ti dùn ni ìparí ọdún 1928. Kí àwọn Ìbejì tẹ́ máàpù sílẹ̀. Kí wọ́n wá ìlú Peace River, kí wọ́n fi ìka tẹ̀ lé odò tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lọ sí àríwá títí wọ́n á fi kan Fort Vermilion. Bí wọ́n bá tún sún díẹ̀ sí ìlà oòrùn, Little Red River nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìtajà ẹgbẹ́ Hudson's Bay ti dùbúlẹ̀ àìsàn nínú oṣù Kejìlá. Dókítà Harold Hamman wá wò ó láti Fort Vermilion, ó sì rí i pé difitéríà ni. Àrùn ọ̀fun tó ń ràn ni, inú òtútù sì ni gbogbo ará ibẹ̀ ń há mọ́ra wọn nínú ilé kan. Kò sí tẹlifóònù, kò sí wáyà, kò sí títì.

Lẹ́tà ni dókítà kọ. Ọkùnrin méjì, Joe LaFleur àti William Lambert, ló gbé e, wọ́n wọ ọkọ̀ àfàlórí yìnyín, ó di Peace River níbi tí wáyà tẹlígíráàmù wà. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi wà lójú ọ̀nà. Ọjọ́ kìíní ọdún 1929, nígbà tí gbogbo ilé ń jẹ, tí wọ́n ń mu, ni ọ̀rọ̀ náà tó kan Dókítà Malcolm Bow, igbákejì mínísítà ìlera ní ìpínlẹ̀ Alberta, lára. Òun ló wá Wop May lọ, pé kó fi bàlúù gbé oògùn difitéríà lọ sí Fort Vermilion.

Ẹ wá wo bàlúù tó wà nílẹ̀. Avro Avian ni. Igi àti aṣọ ni ara rẹ̀. Kò lórùlé: ihò méjì ni, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, orí èèyàn á yọ síta, atẹ́gùn á sì máa gbá a lójú. Agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ju ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré òde òní lọ. Táyà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe síkì, pákó pẹlẹbẹ gígùn tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ bàlúù nígbà òjò dídì. Táyà nínú yìnyín jíjìn, ẹ ti mọ ohun tó lè dà: imú á rì, ìdí á yí sókè.

Wọ́n ní oògùn náà kò gbọ́dọ̀ dì. Wọ́n fi kúbùsù wé e, wọ́n sì gbé ààrò èédú kékeré kan tì í kó lè máa yá a. Èédú tó ń jó! Nínú bàlúù aṣọ! Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, ara mi bù máṣọ. Mo ti rí bàlúù tó jó ní ilẹ̀ lásán, kì í pẹ́ bí ẹni ń sun ewùrà. Nítorí náà, bí àwọn èèyàn bá ń yìn ín pé ó fara da òtútù, iná tó gbé pamọ́ lẹ́bàá itan ni èmi ń rò.

Vic Horner, tóun náà mọ bàlúù wà, bá a lọ. Ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ni wọ́n gbéra. Ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú níbẹ̀ nígbà òtútù, McLennan ni wọ́n sùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, wọ́n ya Peace River, wọ́n rọ epo, wọ́n tún gbéra, ilẹ̀ ti fẹ́ máa ṣú lọ́wọ́ ọ̀sán kí wọ́n tó balẹ̀ ní Fort Vermilion. Ó lé ní 600 kìlómítà lápapọ̀. Ọ̀nà tí LaFleur àti Lambert fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì rìn, láàárín ọ̀sán ni bàlúù bò ó.

Ọjọ́ kẹfà oṣù náà ni wọ́n padà dé Edmonton, òtútù ti jẹ wọ́n lójú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti kún Blatchford Field dè wọ́n. Pápákọ̀ òfuurufú ìlú yín àtijọ́ nìyẹn, èyí tí wọ́n tì lọ́dún 2013. Ilé ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀ báyìí. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó lọ́jọ́ Sátidé kan, kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà.

Kí wọ́n sì kọ orúkọ LaFleur àti Lambert sínú iṣẹ́ tísà, bí tísà kò tilẹ̀ béèrè. Ká ní àwọn méjèèjì jókòó sílé ni, kò sí oògùn tí Wop May ì bá gbé. Èmi ò tíì kà á níbì kankan pé èrò kún ibì kan dè wọ́n.

Ẹ káàárọ̀ sà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń kọ́. Wọ́n ní wọ́n ń fi iná yá oògùn tí Wop May gbé. Àmọ́ fìríìjì ni wọ́n kọ́ wa pé abẹ́rẹ́ ń gbé. Èwo ni ká gbà? Ṣé difitéríà yìí náà ló jà ní Kano? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọmọ mi, gba méjèèjì. Tútù yàtọ̀ sí dídì. Rọ omi kún ìgò dẹ́nu, kó o gbé e sínú fìrísà mọ́jú, wàá rí ohun tójú ìgò máa rí. Inú bàlúù tí kò lórùlé, ní oṣù Kìíní, lókè Alberta: fìrísà ilé yín gbóná jù ú lọ dáadáa.

Kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ló gbé. Àjẹsára ń kọ́ ara ní ìjà kí ọ̀tá tó dé. Oògùn apa-májèlé ni tirẹ̀, ẹni tí àrùn ti mú ni wọ́n ń fún. Ara ẹṣin ni wọ́n ti ń rí i: wọ́n á máa fún ẹṣin ní májèlé àrùn náà díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á fi pèsè ohun tó ń ká a lápá kò, wọ́n á wá gba ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀. Lónìí, ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, wọn kì í sì í jẹ́ kó dì títí di òní.

Àrùn Kano náà ni. Láti òpin ọdún 2022 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà nílẹ̀ wa, ó wá gbóná jù lọ́dún 2023, Kano ló sì fojú winá rẹ̀ jù. Ọ̀fun ló ń bá jà. Awọ kan tó dà bí eérú á bo ọ̀nà ọ̀fun, ọrùn á wú, èémí á máa ha. Májèlé rẹ̀ tún lè ba ọkàn jẹ́. Oògùn apa-májèlé kan náà ni wọ́n ń wá, kò sì pọ̀ káàkiri àgbáyé. Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni àjẹsára alárùn-ún-márùn-ún tí ìyá ń gbé ọmọ lọ gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Ó kù sọ́wọ́ ìwọ àti àwọn ọ̀gá rẹ. Ibi tí ìmọ̀ mekáníìkì mọ nìyẹn.

Bọ̀dá Mẹkáníìkì, ẹ ṣe yẹ̀yẹ́ jẹnẹrétọ̀ ará Jos, ẹ ò wá sọ bí ẹ́ńjìnì tiwọn ṣe ń jí. Ó ń dùn mí o. (Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham)

Ẹ ṣeun, Ọmọ Ìjẹ̀bú! Ìbéèrè tí mo ti ń retí nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní igbó níbẹ̀. Kì í ṣe irú igbó Ọmọ tí ẹ mọ̀. Igi aláwọ̀ ewé tó rí ṣóńṣó ni, adágún omi, àpáta, adágún omi, igi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, láìsí títì kan. Pápákọ̀ kò sí. Lójú omi ni bàlúù ń bà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á so nǹkan bí ọkọ̀ ojú omi kékeré méjì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Nígbà òtútù, wọ́n á tú u, wọ́n á so síkì mọ́ ọn, kó lè bà lórí yìnyín. Láàárín méjèèjì, nígbà tí omi ń dì lọ́wọ́ àti nígbà tí yìnyín ń fọ́ lọ́wọ́, kò sí èyí tó ṣe é bà lé. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni gbogbo ìlú á fi jókòó máa wojú ara wọn. Kò sí lẹ́tà, kò sí àlejò.

Ó wá ku ẹ́ńjìnì. Bí bàlúù bá balẹ̀ nírọ̀lẹ́, awakọ̀ lè wọlé lọ yáná. Mẹkáníìkì kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ó gbọ́dọ̀ fa ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì jáde sínú agolo nígbà tó ṣì gbóná, kó gbé e wọlé sẹ́bàá sítóòfù. Bó bá gbàgbé, kó tó di òwúrọ̀ ọ́ìlì á ti di ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, ẹ́ńjìnì kò ní lè yí. Yóò fi tàpólì bo imú bàlúù. Yóò wá igi tàbí ẹ̀ka igi tẹ́ sábẹ́ síkì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, síkì á dì mọ́ yìnyín mọ́jú, òun nìkan ni yóò sì máa fi òòlù lù ú láàárọ̀.

Láàárọ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́, yóò fa tàpólì náà kanlẹ̀ yí ẹ́ńjìnì ká, yóò ra wọ abẹ́ rẹ̀, yóò tan iná tó ń yọ ahọ́n, irú èyí tí àwọn tó ń jó páìpù fi ń yọ́ òjé. Ẹ ti rí ẹni tí ibà ń ṣe, tí wọ́n fi aṣọ bò mọ́lẹ̀ lórí ìkòkò àgbo? Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ́ńjìnì ni aláìsàn, àmọ́ mẹkáníìkì wà nínú aṣọ náà pẹ̀lú rẹ̀. Wákàtí kan, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni yóò fi wà níbẹ̀, òórùn epo bẹntiróòlù á kún imú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lára iná, torí bí epo bá kán sí i, bàlúù lọ, aṣọ lọ, ó lè jẹ́ òun náà. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná tán, wọ́n á gbé ọ́ìlì tó ti ń hó lórí sítóòfù wá, wọ́n á dà á padà, wọ́n á sì yí i lójú ẹsẹ̀. Tó bá jí, ọpẹ́. Tí kò bá jí, ẹ fa ọ́ìlì jáde, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí èmi dé Yellowknife, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru ti wà, ìjìyà ti dín kù. Síbẹ̀, òtútù kò mọ ọ̀làjú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo ni (ibẹ̀ ni Celsius àti Fahrenheit ti ń pàdé, ẹ ò nílò ìṣirò), nọ́ọ̀tì kékeré kan kò ṣe é mú pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Mo ní kí n bọ́ ọ, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré. Mo di sípánà mú. Sípánà náà dì mí mú. Ọ̀gá mi ń pariwo pé kí n má fà á, ó ń sáré tú tíì inú fúláàsì rẹ̀, èmi ti fà á. Awọ ìka mi méjì kù sára irin, pẹlẹbẹ, bí èèpo àlùbọ́sà. Àtàǹpàkò mi kò ní ìlà títí di òní; ẹ̀rọ tó ń ka ìka ní báńkì kì í dá mi mọ̀.

Mo fẹ́ sọ ọ̀kan sí i, bí Wop May kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n rí epo rọ̀bì lẹ́bàá Fort Norman, lókè àríwá Kánádà, lọ́dún 1920. Ilé iṣẹ́ Imperial Oil ra bàlúù Junkers onírin méjì. May àti George Gorman wà lára àwọn tó lọ wà wọ́n bọ̀ láti New York wá sí Edmonton. Lọ́dún 1921, Gorman àti awakọ̀ mìíràn, Elmer Fullerton, gbé méjèèjì lọ sókè. Ní Fort Simpson, abẹ̀bẹ̀ iwájú bàlúù méjèèjì fọ́. Kò sí òmíràn nítòsí. Mẹkáníìkì wọn, Bill Hill, àti káfíńtà kan tó ń jẹ́ Walter Johnson wá pákó igi oaku tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọkọ̀ yìnyín, wọ́n to ó léra, wọ́n fi gúlúù tí wọ́n sè láti ara awọ moose lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹran ìgbẹ́ tó ga ju màlúù lọ ni moose. Wọ́n gbẹ́ pákó náà, wọ́n fá a, wọ́n wọ̀n ọ́n títí apá méjèèjì fi dọ́gba. Fullerton so ó mọ́ bàlúù, ó sì fò. Ó gbé wọn délé. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bàlúù, èyí ni mo fi ń yangàn fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi: gúlúù awọ ẹran!

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Wọ́n ní Wop May ló pa Red Baron, akọni awakọ̀ ogun ilẹ̀ Jámánì. Òótọ́ ni? (Olùkà, Ìlọrin)

Rárá o. Red Baron ló fẹ́ pa òun.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1918 ni, lókè odò Somme ní ilẹ̀ Faransé. Manfred von Richthofen ti já bàlúù 80 lulẹ̀. May ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú ogun ni. Ọ̀gá rẹ̀, Roy Brown, tí wọ́n jọ lọ ilé ìwé ní Edmonton, ti ní kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó má dá sí ìjà. Ọmọdé kì í rí ijó kẹ́sẹ̀ má yún un. Ó wọ inú rẹ̀, ìbọn rẹ̀ há, ó ṣẹ́rí padà, ó ń sá lọ nísàlẹ̀ fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀ lórí odò. Ni Richthofen bá gbá tẹ̀ lé e. May ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọgbọ́n, ìpayà ni. Brown já wá látòkè, ó yìnbọn. Àwọn ọmọ ogun Ọsirélíà náà ń yìnbọn láti ilẹ̀. Ọta kan bá Richthofen, ó kú. Brown ni wọ́n kọ́kọ́ kà á sí lọ́rùn, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà ló gbà pé ilẹ̀ ni ọta ti wá. Èmi náà gba tiwọn.

Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo gbọ́ pé ọkùnrin yìí bá ọlọ́pàá lé ọ̀daràn kan nínú yìnyín. Báwo ni bàlúù ṣe ń tọpa ẹsẹ̀ èèyàn? (Ọ̀gá Ọlọ́pàá, Àkúrẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú àtẹ̀yìnwá, Ọ̀gá.

Albert Johnson ni ọkùnrin náà ń pe ara rẹ̀. Òpin ọdún 1931, àwọn ọdẹ ẹ̀bá odò Rat, lókè àríwá Kánádà, fẹjọ́ sùn pé ó ń tú pàkúté àwọn. Ọlọ́pàá lọ bá a nínú ahéré rẹ̀, kò dá wọn lóhùn. Nígbà tí wọ́n gba ìwé àṣẹ padà wá lọ́jọ́ kẹ́yìn ọdún, ó yìnbọn láti inú ilé lu Alfred King. Ajá ni wọ́n fi fa King sáré lọ sí Aklavik, orí ló kó o yọ. Wọ́n padà wá pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n ju dáínámáìtì lu ahéré náà, ó ṣì ń yìnbọn láti inú kòtò tó gbẹ́ sábẹ́ ilé. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1932, ó pa ọlọ́pàá kan, Edgar Millen. Lẹ́yìn náà ló fi ẹsẹ̀ rìn gba orí òkè Richardson kọjá nínú ìjì yìnyín.

Lẹ́yìn ikú Millen ni wọ́n ránṣẹ́ sí Wop May pẹ̀lú bàlúù Bellanca rẹ̀. Jack Bowen ni mẹkáníìkì rẹ̀ (ẹ rí i pé mi ò ní ṣaláì dárúkọ rẹ̀). Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe fún wọn kì í ṣe ti akọni rárá: oúnjẹ ló ń kó. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá: ọlọ́pàá mélòó ló ti fi ọ̀daràn sílẹ̀ nínú igbó torí ebi? Àwọn ajá tó ń fa ọkọ̀ yìnyín ń jẹun ju èèyàn lọ, ìdajì ohun tí wọ́n bá sì kó dání, oúnjẹ ajá ni.

Ní ti ipa ẹsẹ̀: caribou, àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín, ń rìn lọ́gọ̀ọ̀rọ̀, ojú ọ̀nà wọn á wá le bí ilẹ̀. Johnson bọ́ bàtà yìnyín rẹ̀, ó ń rìn nínú ipa tiwọn. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ẹran, èyí tó jẹ́ ti èèyàn. Ṣùgbọ́n láti òkè, May rí ibi tí ipa èèyàn ti yà kúrò lára ti ẹran. Èèyàn gbọ́dọ̀ yà nígbà tó bá fẹ́ sùn, àbí? Lọ́jọ́ 17 oṣù Kejì, wọ́n ká a mọ́ orí odò Eagle tó ti dì, ní Yukon. Ìbọn dún. Johnson yìnbọn lu Earl Hersey, ọ̀kan lára àwọn tó ń lé e, wọ́n sì yìnbọn pa Johnson síbẹ̀. May balẹ̀ lórí odò náà, ó gbé Hersey, ó fò ó lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Aklavik lọ́jọ́ kan náà. Hersey kò kú.

Owó tó lé ní 2,000 dọ́là ni wọ́n bá lápò Johnson. Lọ́dún 2007, wọ́n tilẹ̀ hú egungun rẹ̀ láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ìdílé rẹ̀ wò. Orúkọ tó ń jẹ́ gan-an kò tíì yé ẹnikẹ́ni.

Àwọn ìbéèrè kéékèèké

*Ṣé ó gbé lẹ́tà? (Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ àná, Òṣogbo)* Ó gbé e, bàbá. Òun, Vic Horner àti Cy Becker ló dá Commercial Airways sílẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 1929 ni wọ́n gbé lẹ́tà àkọ́kọ́ láti Fort McMurray lọ sí Aklavik, ó lé ní 2,500 kìlómítà. Ẹ ó rẹ́rìn-ín o: púpọ̀ nínú lẹ́tà tó kún bàlúù náà, kì í ṣe ará àríwá ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àwọn tó ń kó sítáǹbù jọ ló fi ránṣẹ́ kó lè lọ kó bọ̀.

*Ṣé lóòótọ́ ni pé ojú kan ló fi ń wakọ̀?* Bẹ́ẹ̀ ni, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan ní Dayton, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1924, ni èérún irin fò sí i lójú. Ojú náà ń bàjẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi yọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ wẹ́dà tó ń kọ gíláàsì ojú sílẹ̀, èmi ni mò ń bá yín wí.

*Kí ló ṣe nígbà Ogun Kejì?* Kò lè fò mọ́. Ó bójú tó ilé ẹ̀kọ́ àwọn atọ́nà bàlúù ogun ní Edmonton. Ibẹ̀ ló ti kọ́ àwọn kan tó ń fi paraṣúùtù bẹ́ sínú igbó lọ gba àwọn tí bàlúù wọn já là. Ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní àmì ẹ̀yẹ Medal of Freedom lọ́dún 1947 nítorí rẹ̀.

*Ọmọ mi ní orúkọ rẹ̀ wà nínú ìràwọ̀ Mars. Mo nà án. Ṣé ó purọ́? (Bàbá Ṣọ̀kọ̀tọ̀, Abẹ́òkúta)* Ẹ lọ bẹ ọmọ. Lọ́dún 2004, nígbà tí ẹ̀rọ Opportunity ń rìn kiri nínú kòtò Endurance lórí Mars, òkúta kan wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ sọ ní Wopmay. Ẹ ra súyà fún un.

*Bàbá, ṣé ẹ̀yin àti Wop May jọ ṣiṣẹ́ rí? (Olólùfẹ́ yín, Ṣàgámù)* Ẹ̀yin ọmọ yìí ń sọ mí darúgbó! Ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1952 ni ọkùnrin náà kú, òun àti ọmọ rẹ̀ ń gun òkè lọ wo ihò àpáta kan ní Utah. Ìgbà yẹn, èmi ṣì ń rákòrò nílé bàbá mi ní Òkè-Àdó.

Ará Jos, mi ò gbàgbé yín. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ yẹn, ẹ fi burọ́ọ̀ṣì fọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé ọ́ìlì tó fúyẹ́ sí i kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ má tan iná sábẹ́ rẹ̀ o.